Flash 128GB tí wọ́n tà fún mi ní Ìkẹjà, àti ọmọbìnrin tó bá mi wá ìwé mi rí

Fáìlì wà níbẹ̀ o. Orúkọ rẹ̀ pé, ọjọ́ tí mo fi í pamọ́ pé, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, Word ní òun kò lè ṣí i, ó ti bàjẹ́. Mo bọ́ sí òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo ṣí fódà àwọn ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ irú nǹkan tó wà nínú wọn. Àyà mi já.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ àgbà ni mo máa ń lọ láti gba ìjálá àti ìrèmọ̀jé sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Bí mo bá délé, n ó tẹ̀ ẹ́ sínú Word pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn bàbá wọ̀nyẹn ti di ará ọ̀run. Kò sí ibi tí mo tún ti lè lọ gba ohùn wọn. Ẹ má bínú, nítorí náà, bí àgbéyẹ̀wò yìí bá gùn.

Nípa flash náà fúnra rẹ̀, n kò ní fi àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń yára sí dá yín dúró. 128GB ni wọ́n kọ sára rẹ̀, 128GB náà ni kọ̀ǹpútà ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, n kò ní dárúkọ wọn. Flash 16GB tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ti kún, mo wá gé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo kó o sínú tuntun. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, kò janpata rárá. Mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ nínú rẹ̀, títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò SS2 jáde, tí Word dúró gbagidi lójú mi, tí gbogbo rẹ̀ sì tú síta.

Mo gbé e padà lọ bá wọn. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kò tiẹ̀ fi í sínú kọ̀ǹpútà kó tó dá mi lẹ́bi. Ó yí i síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa ń fà á yọ láìṣe Eject nìyẹn." Mo ní mo máa ń ṣe Eject. Ó ní, "Á jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà ilé-ìwé yín ni." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà wò ó. Rìsíìtì ọwọ́ mi ló gbà, ó wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé ẹni tó bá ti sanwó kò ní gba owó padà, ó fi èékánná fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dá a padà fún mi, ó sì yíjú sí ẹnì kan tó wá ra ṣájà. Mo dúró. Nígbà tó tún rántí mi, mo sọ fún un pé òfin ààbò oníbàárà ti 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPA, fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ bá àwọn tó ṣòfin náà kí wọ́n fún mi ní flash mìíràn. Ọkùnrin yìí kò tó àbígbẹ̀yìn ìyá mi lọ́jọ́ orí. "Ẹ pẹ̀lẹ́" lásán, kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí wọ eegun nìyí: ó ní àwọn máa ń bá èèyàn wá fáìlì tó bá sọnù, àmọ́ owó ìyẹn lọ́tọ̀. Ọjà tó tà fún mi ló gbé iṣẹ́ mi mì, èmi náà ni n ó tún sanwó kí wọ́n tó yọ ọ́ lọ́fun rẹ̀! Mo sanwó náà. Ó gbé fóònù rẹ̀ dání, ó ń retí alert, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan flash náà títí alert fi wọlé.

Ẹ̀yìn kọ́tìnì, níbi tí wọ́n ti ń tú kọ̀ǹpútà, ni ọmọbìnrin náà wà. Ọmọ iṣẹ́ ni, kò tíì gba fúrídọ́ọ̀mù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga tó fi ń jókòó fún mi, òun wá dúró. Ó ní, "Mà, kí lẹ kọ́kọ́ kó síbẹ̀? Kí ló tẹ̀lé e?" Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ó ní kí n má tún fi ohunkóhun pamọ́ sínú flash náà mọ́ o, títí òun fi máa parí. Ó kó gbogbo ohun tó ṣeé kó jáde sínú hard disk kan ná, lẹ́yìn náà ló tó fi H2testw dán flash náà wò. Ohun tí H2testw máa ń ṣe kò ju pé kó kọ nǹkan sínú flash títí yóò fi kún, kó sì padà kà á láti mọ̀ bóyá ohun tí òun kọ ló ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń pẹ́. Ọ̀sán pọ́n, oòrùn yẹ̀, ó ṣì ń kà.

"Ẹ wò ó, mà." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. 7GB àti díẹ̀ ni wọ́n kọ OK sí. Gbogbo ìyókù, DATA LOST.

Ayédèrú pátápátá ni. Ẹ̀rọ tín-ń-tín tó ń darí flash ni àwọn tó ṣe é kọ́ ní irọ́, kó lè máa sọ fún gbogbo kọ̀ǹpútà pé 128GB ni òun. Ìbẹ̀rẹ̀ flash, tí ó jẹ́ ibi gidi, ni ìwé orúkọ fáìlì máa ń wà, ìdí nìyẹn tí orúkọ àti ìwọ̀n fi pé. Àmọ́ bí ohun téèyàn ń kó síbẹ̀ bá ti kọjá 7GB yẹn, kò síbi tó ń lọ. Bí ilé tí wọ́n kọ nọ́ńbà ogún yàrá sára ògiri rẹ̀ ló rí, tó jẹ́ pé yàrá kan ló ní òrùlé. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀rọ̀ Eject tí ọ̀gá òun sọ kò bá a mu rárá. Láti Windows 10 ẹ̀dà 1809, tó jáde ní 2018, ni Microsoft ti fi flash sórí Quick removal, ìyẹn ètò tó jẹ́ kéèyàn lè fa flash yọ láìṣe Eject. Ó ṣì dára kéèyàn ṣe Eject, pàápàá bí ìwé bá ṣì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n àìṣe é kò lè sọ 128 di 7. Ó sọ ọ́ sókè ketekete, ọ̀gá rẹ̀ sì ń gbọ́ níwájú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó wá béèrè ohun tí kò wá sọ́kàn mi rárá: "Flash àtijọ́ yín ńkọ́, mà? Ṣé ẹ ṣì ní in?"

Inú báàgì mi ló wà. Ọmọ mi ti ń kó orin sínú rẹ̀. Ó ní kò burú. Ó ṣàlàyé pé bí a bá gé fáìlì láti inú flash kan sí òmíràn, ẹ̀dà ni kọ̀ǹpútà máa ń ṣe, lẹ́yìn náà ni yóò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Pípa rẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń pa, wọn yóò sì kọ ọ́ pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Flash kì í ní Recycle Bin bíi ti laptop, ìyẹn ló fi dà bíi pé nǹkan ti lọ. Bí nǹkan mìíràn kò bá tíì gba àyè náà, ó ṣì wà níbẹ̀.

PhotoRec ló lò, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́, èyí tí Christophe Grenier ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní inú hard disk ni òun máa kó ohun tí òun bá rí sí, kò gbọdọ̀ jẹ́ inú flash náà, kí ohun tí a ń wá má baà di ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ojú dúdú lásán ni PhotoRec, kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó kọ docx, ìyẹn ìwé Word, tí òǹkà iwájú rẹ̀ sì ń gòkè, tí mp3, ìyẹn ohùn, náà ń gòkè lábẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọbìnrin náà. Oríkì Ìjẹ̀ṣà ni, nítorí ó ní Iléṣà ni bàbá òun ti wá. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Wíwá ìwé nínú ohun tó gbà padà tún jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. PhotoRec kì í mọ orúkọ fáìlì. Lẹ́tà f àti nọ́ńbà rẹpẹtẹ ló sọ gbogbo wọn. A tẹ "ìrèmọ̀jé" sínú ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ inú ìwé, díẹ̀ ló jáde, mo sì mọ̀ pé wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo mọ ìdí rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà kọ ọ̀ tó lámì lórí: ọ ni wọ́n lè fi ṣe ìpìlẹ̀ kí wọ́n fi àmì sí i, ó sì lè jẹ́ ò tí wọ́n fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n, lójú ẹ̀rọ, méjì ni. Mo ti lo oríṣiríṣi kíbọ́ọ̀dù láti ọdún wọ̀nyí. Mo ní kó tẹ "ọdẹ", tí kò lámì ohùn kankan lórí. Wọ́n ya jáde! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ olóhùn àárín ni kí ẹ fi máa wá ìwé yín.

Ìbéèrè ìdánwò SS2 kò sí nínú flash kankan. Inú laptop mi ló ti rí i, nínú AppData, Roaming, Microsoft, Word, fáìlì tó parí sí .asd. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni Word máa ń tọ́jú irú rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò náà padà. Ó ku ìbéèrè apá kẹta, mo tún un tẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gbogbo rẹ̀ kò padà o. Orin ọmọ mi ti jókòó sórí àwọn ohùn kan, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti bàbá kan tó ti lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo tẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ kò sí mọ́. Lọ́rùn ẹni tó ta flash yẹn ni mo gbé èyí kọ́, ó sì ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọmọbìnrin náà tún laptop mi tò. Inú Documents ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, n ó wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú flash bí mo bá parí. Fún ọjọ́ tí mo bá ní láti ṣí ìwé látinú flash tààrà, ó wọ File, Options, Advanced nínú Word, ó sọ̀ kalẹ̀ dé Save, ó fi àmì sí "Copy remotely stored files onto your computer, and update the remote file when saving", kí Word lè máa ṣe ẹ̀dà ìwé náà sínú laptop, kó sì máa tún ti inú flash ṣe bí mo bá fi í pamọ́. Ó tún bá mi so lẹ́tà kan mọ́ flash mi nínú Disk Management, nítorí ó máa ń jẹ́ E lónìí, kó di F lọ́la, Word á sì ní òun kò rí ìwé tí mo ṣí lánàá. Kò gba kọ́bọ̀ lórí èyí.

Ọ̀gá rẹ̀ kò tíì dá owó flash padà. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí ọmọbìnrin yẹn ni, kì í ṣe nítorí ọ̀gá rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ibi tí mo ń wí, ẹ má ra flash níbẹ̀, ẹ kọjá sí ẹ̀yìn kọ́tìnì, ẹ sì mú hard disk tiyín dání, nítorí wọn yóò gba owó lórí tiwọn.