Kíláàsì lítíréṣọ̀ Sípáníìṣì tí mo ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ó dùn, àmọ́ wọ́n fi Kúbà dù mí

Ẹ má bi mí ní orúkọ iléèwé náà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn dé ìdí. ₦35,000 ni mo san fún ọ̀sẹ̀ 8, gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan ààbọ̀ lórí Zoom. Ewì àti ìtàn àròsọ èdè Sípáníìṣì ní ọ̀rúndún 20 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wa. Ewì kan ṣoṣo ló fà mí débẹ̀. Nicolás Guillén, ará Kúbà, ló kọ ọ́. Ó sọ ọ́ gbangba níbẹ̀ pé Yorùbá lòun, èdè Yorùbá lòun sì fi ń sunkún. Láti ọjọ́ tí mo ti kà á ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo ní kí n lọ mọ ilé tó ti jáde.

N kò gbọ́ Sípáníìṣì. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń ka ìwé, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí ewì kan àfi tí òun bá ti kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó ń gbọ́ dùndún kó tó mọ ohun tí ìlù ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé "modernismo", ìyẹn ọ̀nà ìkéwì tuntun ti Rubén Darío, ọmọ Nikarágúà tí ìwé rẹ̀ Azul jáde ní Valparaíso ní Ṣílè lọ́dún 1888, yàtọ̀ pátápátá sí "modernism" tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì. Ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín ni ti Borges, òǹkọ̀wé ará Ajẹntínà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tẹ ewì bíi pósítà lọ́dún 1921, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri Buenos Aires. Àwọn tó ń lẹ pósítà ìbò n'Íbàdàn á mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìran 1927 gbà, àwọn akéwì Sípéènì tó pé jọ ní Seville láti yẹ́ Góngora sí, akéwì àtijọ́ ilẹ̀ wọn tó ti kú láti 300 ọdún nígbà náà. Nígbà tí olùkọ́ dé ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Lorca, ọ̀kan nínú wọn, nítòsí Granada lọ́dún 1936, gbogbo wa dákẹ́.

Boom, ìgbà tí ìtàn àròsọ Látìn Amẹ́ríkà gbayé kan ní àwọn ọdún 1960, jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì tọ́ sí i. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó dùn mọ́ mi jù ni Rayuela, ìwé ìtàn àròsọ ti Cortázar (1963). Orí 155 ló ní: o lè kà á láti orí 1 dé 56 kí o pa á dé, o sì lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 73 kí o máa fò kiri bí òǹkọ̀wé ṣe là á sílẹ̀. Wọ́n pín wa sí ọ̀nà méjì. Ìjà ọjọ́ tí a padà pàdé, àfi bíi pé ìwé kan náà kọ́ la kà! Àwọn afòkiri ni mo bá lọ. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú.

Wàyí o, Kúbà. Ìṣẹ́jú 15 péré! Mo wo aago. Wọ́n kọ "Lucumí, ẹ̀yà Áfíríkà kan" sójú ìwòran. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé àwa Yorùbá gan-an ni Lùkùmí yẹn, olùkọ́ ní a ó padà sí i. A kò padà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù kẹrin ọdún 1930 ni Motivos de son, ewì mẹ́jọ tí Guillén fi ohùn àwọn aláwọ̀ dúdú Havana kọ, jáde nínú ìwé ìròyìn Diario de la Marina, Lorca yìí kan náà sì wà ní Kúbà lásìkò yẹn. Kò sẹ́ni tó so okùn méjèèjì pọ̀. Lydia Cabrera, tó ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Kúbà jọ sínú ìwé Anagó (1957), orúkọ rẹ̀ kò jáde rárá. Alejo Carpentier, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ará Kúbà, nìkan ni wọ́n yà sí, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ ti 1949 nípa "lo real maravilloso" (ìyanu tó wà nínú ohun gidi) wúlò fún Boom tó ń bọ̀. Kúbà wá di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń gbà kọjá sí yàrá ẹlòmíì.

Ohun kan tún bí mi nínú: ọ̀sẹ̀ méjì péré ni fídíò kíláàsì máa ń wà kí wọ́n tó yọ ọ́. Iná lọ lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ kò jẹ́ kí n tètè wò ó, bó ṣe bọ́ nìyẹn. Tí Boom bá lẹ fẹ́, ẹ sanwó, ẹ ò ní kábàámọ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ya odindi alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún Guillén. Wọ́n ní àwọn ti rí i. Ìràwọ̀ 3 nínú 5.