Mute tí mo rà fún trọ́ńpẹ́ẹ̀tì mi: ilé tòrò o, àmọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó náwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ilé tí yàrá kọjú sí yàrá tẹ́ ẹ sì ń fọn fèrè, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí tí mo ti ń lo practice mute, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi ń bo ohùn fèrè mọ́lẹ̀ téèyàn bá ń dá kọ́ orin nílé, àwọn kan nínú choir wa ò sì yé bi mí pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ṣá. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó tún wá ṣe iṣẹ́ míì tí mi ò rán an, ìyẹn gan an ni mo fẹ́ sọ.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: nǹkan oníke kan báyìí ni, ó fúyẹ́, ó jọ ife, wọ́n fi fóòmù dúdú yí i ká, ẹ máa tì í bọ ẹnu fèrè níbi tó ti fẹ̀ yẹn, ihò bíńtín ló wà lára ẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ẹ má fi wé mute táwọn oníbáǹdù máa ń lò lóde o, èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn kì í dí ẹnu fèrè pa, kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ mẹ́ta ló gbé e dúró, ohùn ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n kàn fẹ́ kí ohùn yí padà ni. Tèmi yìí, ó dí i pa ni. ₦22,000 ni mo rà á, kì í ṣe orúkọ ńlá kankan, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó tà á torí ohun tí màá sọ tó bá yá. Èyí tí Yamaha ṣe wà, Silent Brass, láti 1995 ló ti wà lọ́jà, ìyẹn ní máíkì nínú, ẹ máa so ó mọ́ àpótí kékeré kan ẹ ó wá fi íápíìsì gbọ́ ara yín bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá lẹ wà. Mo fẹ́ ẹ, owó ẹ̀ ni ò fẹ́ mi.

Ẹ̀yin onísaksófóònù, ẹ fowó yín sápò. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ẹnu kan ló ń gbà sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá ti dí i, ó parí, ṣùgbọ́n gbogbo ihò ara saksófóònù ló ń sọ̀rọ̀, ẹ dí ẹnu ẹ̀, àwọn yòókù á máa bá ẹjọ́ lọ. Sonny Rollins tó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹ̀ ní New York, orí afárá Williamsburg ló ń lọ fọn tiẹ̀ láti 1959 wọ 1961, torí obìnrin kan tó lóyún ń gbé nílé tó ń gbé, kò sì fẹ́ máa da ìyẹn láàmú. Aboyún wà nílé tiwa náà, afárá ni mi ò rí ní Òkè-Àdó.

Kí n tó ra nǹkan yìí, jẹnẹrétọ̀ ni mute mi. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ tí yàrá bíi márùn-ún jọ tan "I better pass my neighbour" wọn, màá sáré gbé fèrè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ṣíṣì mi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó dé. Ọjọ́ kan mo wà lókè níbi nóòtì G kan tó ti ń ṣe mí léṣe láti ọjọ́ tó pẹ́, bí wọ́n ṣe mú iná dé nìyẹn, gbogbo ilé paná jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá ku èmi nìkan, pẹẹẹẹ, ọmọ kan sì ti ń sín mi jẹ ní kọ́rídọ̀. Lọ́jọ́ kejì baba lánlọ́ọ̀dù pè mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò ní kó o má yin Ọlọ́run o, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í ṣe adití." Mo dọ̀bálẹ̀, mo lọ ra mute.

Alẹ́ àkọ́kọ́, aago mọ́kànlá, mo fọn ún, ohùn tó jáde dà bí ẹ̀fọn nínú ìgò. Ẹni kankan ò mira. (Tó bá ń jábọ́, ẹ fi èémí gbígbóná sí ẹnu fèrè díẹ̀ kó lọ́rinrin, kẹ́ ẹ wá lọ́ mute náà sí i wẹ́rẹ́, á dúró.) Mo máa ń gbádùn ẹ̀ gan an nígbà yẹn, ẹ ò lè mọ̀, torí tí èèyàn bá wà nítòsí, ibi tí mo mọ̀ ni mò ń fọn, ibi tó dùn létí, ibi tó le yẹn màá kàn fò ó bí ẹni fo gọ́tà. Nínú yàrá mi pẹ̀lú mute, mo lè ti nóòtì mẹ́rin kan náà ṣubú nígbà àádọ́ta, ojú ò tì mí. Ìka mi já geere láàárín oṣù kan, àwọn choir gan an rí i.

Ẹ wá gbọ́ èkejì. Àkọ́kọ́ ná, mute máa ń fa ohùn sókè ju ki lọ (ki ni ìwọ̀n ohùn tí gbogbo wa jọ ń bá lọ), torí náà ẹ máa fa tuning slide, páìpù kékeré ara fèrè tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, jáde díẹ̀ kó tó bọ́ sípò. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ ńkọ́, wọ́n á máa gbọ̀n bí ẹni òtútù ń mú. Atẹ́gùn náà á tún máa ta yín padà, ẹ máa fipá tì í, ara á sì mọ́ ìfipá yẹn lára. Fóòmù tèmi ṣí kúrò nínú oṣù kejì, ẹni tó tà á fún mi sọ pé ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ò lè padà mọ́, ẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́ yẹn bí? Gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ ìyẹn kéré. Sọ́ńdè kan báyìí ní ìdúpẹ́ oṣù, mo dìde láti fọn orin tí mo ti fi mute kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, mo gbàgbé ti slide padà, mo wà nísàlẹ̀ ki, oníkíbọ́ọ̀dù ń wò mí bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó. Mo fi ìyẹn pamọ́, mò ń fi ètè tì í bọ̀. Ní ẹsẹ kejì mo ṣi nóòtì kan, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo dúró. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà yẹn kí n lè fọn ún dáadáa, bí mo ṣe máa ń ṣe nínú yàrá, ìjọ ti lọ ní tiwọn, onílù ti lọ, èmi nìkan ló kù lẹ́yìn bí ẹni ọkọ̀ já sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró de èèyàn nínú orin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ara mi ní dídúró, mi ò sì mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Àyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ó ní nílé tiwọn kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí kọ́ ìlù, omele ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún ọmọ, wọ́n á mú un lọ sóde, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó di ohun kan ṣoṣo yẹn mú kó má jẹ́ kó bọ́, etí ẹ̀ á sì wà lára ìyáàlù. Tó bá ṣìlù, àgbà á yí ojú sí i, ìlù ò ní dúró. Mo ní ìlù ò le tó fèrè, irọ́ ni mò ń pa, ojú ló ń tì mí.

Báyìí, alẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo ń lo mute, kì í ju ogún ìṣẹ́jú, fún ìka àti ibi tó le nìkan. Ọjọ́ Sátidé, èmi àti àwọn méjì míì máa ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ fọn ún gbangba, àwọn ọmọdé á yí wa ká, a ti ṣàdéhùn pé ẹni tó bá ṣì í ò gbọdọ̀ dúró.

Máàkì mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún un, fóòmù ló jẹ ààbọ̀ kan, slide tí mo gbàgbé ló jẹ ọ̀kan, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí ohùn ẹ̀ ò tíì dúró, mi ò ní ní kó rà á, kó lọ wá pápá tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣófo ná.

Ìyá ẹlẹ́wà tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa dá mi dúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní, "Bọ̀dá onífèrè, ṣé ẹ ti tà á ni? Orin yẹn tẹ́ ẹ kì í lè parí, níbo lẹ bá a dé?" Mo ní, ẹ̀yin mà, mo ti parí ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n ṣíbí ẹ̀wà sínú abọ́ mi, wọ́n wò mí.

"Ta ló gbọ́?"