Kooth nígbà kónílé-ó-gbélé: ọmọ wo ló wúlò fún jù?

Kíkọ ni wọ́n ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ lórí Kooth, ìkànnì ìgbaninímọ̀ràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀dọ́. Kò sí ohùn, kò sí fídíò. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì yìí fi bá àwọn ọ̀dọ́langba kan lára mu nílùú Ọba nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020. Ọmọ tí òun àti àbúrò méjì jọ ń sùn nínú yàrá kan kò lè gbé fóònù sétí, kó máa sọ pé ayé ti sú òun, kí ará ilé má gbọ́. Ṣùgbọ́n ó lè tẹ̀ ẹ́.

Ìnira àkókò náà kò dọ́gba láti ilé dé ilé. Ìwádìí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, ní England fi hàn pé lọ́dún 2017, ọmọ 1 nínú 9, láti ọdún 5 sí 16, ló ṣeé ṣe kó ní àìsàn ọpọlọ. Ní oṣù keje 2020, ó ti di 1 nínú 6. Bí a bá sì wo ilé tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé, ìdílé tí owó ilé tàbí owó iná ti wọ̀ lọ́rùn pọ̀ níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ. Kooth fúnra wọn rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Éṣíà tó ń wá sọ́dọ̀ wọn, nígbà tó ń dín kù láàárín ọmọ òyìnbó. Ẹ̀yin òbí Yorùbá ní Peckham àti Thamesmead ní London, ọ̀rọ̀ kàn yín gidi.

Kò gba ìwé dókítà láti wọlé. Ọmọ á mú àdúgbò rẹ̀, á fi oṣù àti ọdún ìbí rẹ̀ sí i, á wá yan orúkọ ìnagijẹ àti password. Kí orúkọ náà má jọ èyí tó ń lò lórí Instagram o, torí ojúgbà rẹ̀ lè dá a mọ̀. Agogo 12 ọ̀sán sí 10 alẹ́ ni àwọn agbaninímọ̀ràn fi wà níbẹ̀ láti Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kì í san kọ́bọ̀, àmọ́ àdúgbò tí NHS ibẹ̀ bá ti sanwó fún ni wọ́n ti ń dá a lóhùn. Èyí kò dára tó: ọ̀dọ́ kan lè lò ó títí di ọdún 25, kí ti aládùúgbò rẹ̀ parí sí 18.

Dátà ni ìṣòro tó tóbi jù. Ọmọ tí kò ní Wi-Fi nílé, tí kò sì ní dátà lórí fóònù, kò lè wọ Kooth, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìnira náà le mọ́ jù. Irú wọn ni Shout, ìrànlọ́wọ́ orí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, dára fún: kó tẹ SHOUT ránṣẹ́ sí 85258, tọ̀sán-tòru. Ọ̀fẹ́ ni lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì EE, O2, Vodafone àti Three, kì í sì í hàn nínú ìwé owó fóònù. Childline, ìlà fóònù ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọdé (0800 1111), náà kì í hàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba pé kéèyàn la ẹnu; ìta ló ti dára kó pè é, lásìkò ìrìn ìdárayá tí òfin gbà láyè nígbà náà.

Máàkì 4 nínú 5 la fún Kooth fún ọmọ tó ní dátà, 2 péré fún èyí tí kò ní.

Bí gbogbo ilé bá jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, kí ọmọ má jẹ́ kó tọ́jú password, kó sì jáde kúrò lórí Kooth kó tó dìde. Orúkọ ìnagijẹ tó ń bo àṣírí rẹ̀ yìí náà ni kì í jẹ́ kí agbaninímọ̀ràn mọ ibi tó wà gan-an. Nítorí náà, bó bá ti gbé oògùn mì tàbí tó ti ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má dúró de ìlà Kooth. 999 ni kẹ́ ẹ pè. Bí ọ̀rọ̀ ò bá tíì dé bẹ́ẹ̀ àmọ́ tí kò ṣeé dá sùn lé, ẹ pe 111, nọ́ńbà NHS, kẹ́ ẹ sì tẹ 2 fún ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ.