Màlúù onírọ́bà mi, ìwo rẹ̀ ń yí

"Ṣebí rọ́bà ni? Kí lẹ tún ń retí?" Ohun tí ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní ṣọ́ọ̀bù náà sọ fún mi nìyẹn, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Inú ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Màlúù tí a fi ń kọ́ okùn jíjù (eré ìdíje tí wọ́n ń ka àkókò rẹ̀, tí ẹlẹ́ṣin méjì ti ń fi okùn mú màlúù kan: ọ̀kan á ju ojóbó sí orí, èkejì sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn) ni mo rà lọ́wọ́ wọn, níbí ní Texas. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, n kò ní ka gígùn àti àwọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dáa, ojóbó ń ráyè wọlé, bó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan lẹ mú, ẹ ó rí i kedere pé ìṣẹ́jú àáyá 5 ti gorí àkókò yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n orí lèmi ń jù. Bí mo bá ti fa okùn kó fún, ìwo ọ̀tún á yí, ojóbó á sì yọ́ bọ́. Ohun mẹ́ta péré ladájọ́ ń gbà: ìwo méjèèjì, ọrùn, tàbí ìwo kan pẹ̀lú imú. Kí ni mo fẹ́ fi ìwo tó ń yí kọ́?

(Àwọn ará ilé n'Íbàdàn ní ṣé mo ti di darandaran ni. Mo ní kí wọ́n lọ bi Bill Pickett, aláwọ̀ dúdú ọmọ Texas tí wọ́n bí ní 1870, tó ń fò látorí ẹṣin gbá ìwo màlúù mú.)

Mo gbé orí náà sẹ́yìn mọ́tò, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin yẹn náà ló wà ní káńtà. Ó gba rìsíìtì, ó kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìwo wà. Ó ní ọjọ́ ìdápadà ti kọjá. Mo ní n kò dá a padà, ìwo ni mo fẹ́. Ó ní àwọn kì í ta ìwo lọ́tọ̀. Mo ní ta ló fẹ́ rà á?

Ibẹ̀ ni màmá kan tó ń to okùn ti dìde. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọ́n tú nọ́ọ̀tì, wọ́n ti ìka bọ ihò ìwo, wọ́n fi han ọmọkùnrin náà: ìwo oríṣi mìíràn ni wọ́n kì mọ́ ọn. Wọ́n kọ orúkọ mi pé tuntun ń bọ̀. Wọ́n wá ní kí n mú okùn mi wá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: okùn ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ bàtà 35, ó sì le gbagidi, èyí tí ọmọkùnrin kan náà tà fún mi pé kò síyàtọ̀. Wọ́n fún mi ní okùn orí tó rọ̀, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n dúró tì mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n na ọwọ́ tọ ìwo lọ kí n tó tú okùn sílẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá ń wé okùn mọ́ kókó iwájú gàárì ẹṣin, kí àtàǹpàkò mi máa kọjú sókè. Tiwọn ti gé ní oríkèé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìwo tuntun ò tíì dé. Wáyà ni mo fi so ti àtijọ́, ó ṣì ń yí.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Bí ẹ bá lọ, ẹ má yà ní káńtà, ẹ kọjá síbi okùn tààrà.