Sáà Ẹ̀kọ́ Kan ní Uppsala: Bí Mo Ṣe Rí I

Àwọn tó ń bi mí bóyá kí àwọn gba ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Swídìn ti wá pọ̀, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, ibẹ̀ ni mo gbà dé Uppsala, láti oṣù kìíní títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ẹ lọ, ìdáhùn mi nìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí ẹ yan sáà, ẹ mú ti oṣù kìíní, ẹ fi ti ìparí ọdún sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ni. Nígbà tí mo dé, aago mẹ́jọ àárọ̀ á kọjá dáadáa kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣú. Òtútù kò dà mí láàmú tó òkùnkùn yẹn, torí ilé wọn móoru, aṣọ òtútù àlòkù sì wà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gùn sí i, nígbà tó fi máa di ìparí oṣù karùn-ún, a ṣì ń rí ojú ara wa níta ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó bá lọ ní ìparí ọdún, inú òkùnkùn ni yóò ti ṣèdánwò.

Ẹ̀kọ́ wọn gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Kọ́ọ̀sì kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń ṣe. Kírẹ́díìtì 30 ló wà nínú sáà kan. Kọ́ọ̀sì tó bá ní 7.5, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, ẹ óò kọ́ ọ, ẹ óò ṣèdánwò rẹ̀, ẹ óò bọ́ sí òmíràn. Ìgbà tí a ń rí olùkọ́ lọ́sẹ̀ kò pọ̀, àwọn kan sì ń kùn pé wọ́n ò kọ́ wa tó. Èmi ò bá wọn kùn, torí ìwé tí wọ́n ń ní ká kà sílẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tí kò bá kà á kò ní lè lanu ní kíláàsì.

Ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí nípa àlàáfíà àti ogun ni mo wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àkójọ tí wọ́n ń pè ní UCDP, tó ń ka àwọn tí ìjà ń pa káàkiri ayé. Bí ìjà láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ tó gbé ohun ìjà bá pa ènìyàn 25 láàárín ọdún kan, ó ti wọ àkọsílẹ̀ wọn. Bó bá pé 1,000, ogun ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ gbé àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà sójú ògiri, mo rí Borno: àmì róbótó-róbótó kún ibẹ̀, tí ó bá sì tẹ ọ̀kan, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti iye ẹni tó kú á jáde. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ Boko Haram nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fara balẹ̀ ka òkú wa bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Mo sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́ mi dópin. Ọjọ́ yẹn nìkan tó owó ọkọ̀ òfuurufú mi.

Olùkọ́ yẹn dàgbà tó bàbá mi, orúkọ àbísọ rẹ̀ sì ni gbogbo kíláàsì fi ń pè é. Ó le fún ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìbàdàn, ó sì pẹ́ kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Àmọ́ mo rí i pé àṣà yẹn náà ló ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ fún olùkọ́ pé ohun tó sọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò inú gbọ̀ngàn lè tó wákàtí márùn-ún, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wọlé. Ọmọbìnrin tó wà níwájú mi to tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, búrẹ́dì tó fi bébà wé, kọfí nínú fúláàsì, káàdì ìdánimọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á tún un ṣe, kò sí ẹni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ má ṣe lọ kí ẹ má wọ nation, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Agbègbè tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wá ni wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ láyé àtijọ́, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní àwọn yunifásítì wa nílé. Dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ọ̀kan títí di 2010. Ní báyìí, ẹni tó bá wù ló ń san owó ẹgbẹ́. Wọ́n ní ilé tiwọn, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dáná níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fọ abọ́. Àwọn ará Swídìn kì í dédé bá ẹni sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jọ ń bó ọ̀dùnkún nínú ilé ìdáná nation, wọ́n á sọ ti ìyá wọn, wọ́n á sọ ti àfẹ́sọ́nà wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí gbogbo ọ̀rẹ́ tí mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀.

Flogsta, àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ní Uppsala, ni mo gbé. Yàrá tèmi ní balùwẹ̀ tirẹ̀, ilé ìdáná la jọ ń lò. Tí ẹ bá gbọ́ tí gbogbo àdúgbò ń pariwo láti ojú fèrèsé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ má sá. Àṣà wọn ni.

Owó ilé ìwé Uppsala kò kan ẹni tó bá ètò pàṣípààrọ̀ lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ilé àrójẹ wọ́n gan-an. Ẹ kó gààrí àti ata gígún dání. Ẹni tí kò ní lò tó ọdún kan kì í rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba wọn gbà, èyí sì ń ti ilẹ̀kùn púpọ̀ mọ́ ẹni, títí kan Swish, áàpù orí fóònù tí gbogbo wọn fi ń sanwó fún ara wọn. Káàdì ni kí ẹ gbára lé. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, kó tètè béèrè ìwé ìgbélùú, torí sáà ẹ̀kọ́ kọjá oṣù mẹ́ta.

Ẹjọ́ kan tí mo ní, ilé ìwé tèmi ni mo bá ní in. Ẹ̀ka tí mo wà ní Uppsala kì í fúnni ní máàkì ju U (ó fìdí rẹmi), G (ó yege) àti VG (ó yege dáadáa) lọ. Nígbà tí mo padà, ọ́fíìsì tó rán mi lọ ní àwọn ò mọ bí àwọn á ṣe yí i padà sí máàkì tiwọn, wọ́n sì fi fà á títí sáà tuntun fi wọlé. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín bí wọ́n ṣe máa ka G àti bí wọ́n ṣe máa ka VG, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì buwọ́ lù ú.