Pressure tester tí mo fi rí ibi tí omi ọkọ̀ Bàbá mi ń gbà jò

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bu omi sí ọkọ̀ yìí. Láràárọ̀, kí n tó gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé, mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti wo ike omi, mo sì ti rí i pé ó tún ti dín ní ìwọ̀n ìka méjì. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Ibo ni omi náà ń lọ? Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi.

Ọkọ̀ Bàbá mi ni. Ọkọ̀ Jámánì ńlá ni, ẹ́ńjìnnì V6, ọdún 2003 ni wọ́n ṣe é. Ìjókòó aláwọ ló ní, éésì awakọ̀ sì yàtọ̀ sí ti ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú wọn kò gbe ọkọ̀ wíwà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà: "Má jẹ̀ẹ́ kó hó o." Mo kan fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ omi yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Mẹkáníìkì mẹ́ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kí n tó ra irinṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ ìdérí ike omi. Èkejì ní rédíétọ̀ ni, ó gbé tòkunbọ̀ sí i, omi ò yéé dín. Iṣẹ́ ẹnì kẹta ló dùn mí jù. Ó yọ thermostat, ó jù ú nù. Ó ní, "Àǹtí, ìlú wa gbóná, ọkọ̀ yín ò nílò ẹ̀ níbí." Mo gbà fún un torí mi ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Àṣé thermostat ni í dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tutù jù tí a bá wà lójú ọ̀nà gígùn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí i ni, á sì máa da epo lé epo. Epo tí mo ń jó lọ sí Abẹ́òkúta pọ̀ sí i, omi sì ń dín bó ṣe ń dín tẹ́lẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn tún fẹ́ da lẹ́búlẹ́bú tó ń dí ihò sínú omi ọkọ̀. Èyí ni mo kọ̀ jálẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú yẹn ò mọ ihò tó yẹ kó dí yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ. Àwọn ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀ kékeré ti hítà (èyí tó ń mú inú ọkọ̀ móoru) ló sábà máa ń kọ́kọ́ há sí.

Ọjà Ládìpọ̀ ní Múṣín ni mo ti ra pressure tester náà. Àpótí ike pupa kan ni. Nínú rẹ̀ ni pọ́ǹpù ọwọ́ kan wà tó jọ èyí tí wọ́n fi ń fún táyà kẹ̀kẹ́, àmọ́ géèjì wà lórí rẹ̀, ó ń ka bar, ó sì ń ka psi, ìwọ̀n méjì tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́. Hóòsì kúkúrú kan so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ìdérí méjìdínlógún, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, torí pé ẹnu ike omi ọkọ̀ kan kò bá ti èkejì mu. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì owó rédíétọ̀ tí mo rà lásán.

Ohun tó ń ṣe kò ju ẹyọ kan lọ, òun gan-an ni gbogbo àwọn tó ti wo ọkọ̀ náà kò ní. Omi lásán ń hó ní 100°C. Ìdérí ọkọ̀ ló ń dé afẹ́fẹ́ mọ́ omi lórí kí ó má bàa tètè hó. 140 ni wọ́n kọ sára ti ọkọ̀ mi, ìyẹn 1.4 bar, bíi 20 psi. Pẹ̀lú agbára yẹn, omi lásán pàápàá kò ní hó títí yóò fi tó nǹkan bíi 125°C. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná nìkan ni agbára náà máa ń wà nínú hóòsì. Ẹ gbé ọkọ̀ tó ti tutù lọ fún mẹkáníìkì, kò sí ohun tó ń ti omi jáde, ihò náà á dákẹ́. Ẹ gbé èyí tó gbóná lọ, kò sẹ́ni tó lè ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, omi tó bá sì jáde ti gbẹ sára irin gbígbóná kó tó délẹ̀. Pọ́ǹpù yìí ń fún omi ní agbára ìgbà gbígbóná nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù. Èèyàn á lè fi ọwọ́ àti ojú wá a.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ lò ó. Ìdérí aláwọ̀ búlúù ló bá ike omi mi mu. Mo fún un dé 1.4, mo dúró. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, abẹ́rẹ́ ti wá sí 1.0. Inú mi dùn pé a ti rí ọ̀tá. Mo wá fetí sílẹ̀, mo gbọ́ "ṣììì", ara irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ti ń wá, níbi tí hóòsì ti so mọ́ ìdérí! Mo ho ọṣẹ sínú ife, mo fi sí oríkèé náà, ó ń yọ ìfófòó. Rọ́bà roboto tó wà níbẹ̀ ló ti lọ́. Mo mú un padà lọ sí Ládìpọ̀, ẹni tó tà á fún mi pààrọ̀ hóòsì náà láìjiyàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ dán oríkèé tirẹ̀ wò ná kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan ọkọ̀.

Nígbà tí irinṣẹ́ wá dá mi lójú, mo tún fún un. 1.4. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, 1.1. Mo wò ó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀, rédíétọ̀ gbẹ, wọ́tà pọ́ǹpù gbẹ (ihò kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó máa ń sun omi tí síìlì inú rẹ̀ bá ti jẹ). Ní ọjọ́ kejì mo ra ìgò aró kékeré kan tí iná aláwọ̀ àlùkò máa ń mú tàn. Mo dà á sínú omi, mo wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì, mo sì dúró títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni ìjò náà wà. Níbi tí hóòsì hítà ti kọjá lọ sínú ọkọ̀, tí ojú kò tó láéláé àfi tí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí mo tan iná náà síbẹ̀, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yòò tàn padà sí mi lójú, ó ṣàn láti ara oríkèé ike kan wá sórí irin. Ní ojúmọmọ, ibẹ̀ kan náà kò fi nǹkan hàn ju èérí funfun tó pọ́n díẹ̀ lọ, bí iyọ̀ tó gbẹ sí ẹnu ìkòkò. Mo tún so pọ́ǹpù mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fún un dé 1.4, mo na fóònù mi síbẹ̀, mo ń fi kámẹ́rà wò. Ẹ̀kán omi kan ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ oríkèé náà bí òógùn níwájú orí, ó wú, ó gbọ̀n, ó já. Mo ka ìṣẹ́jú kan kí èkejì tó já. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, òun náà nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ló bá mi tú u. Kílíìpù onírin tó dì í mú kò gba ju ìkọ́ kékeré lọ. Rọ́bà roboto tó wà nínú rẹ̀ yẹ kó yí róbótó, kó sì rọ̀. Ó ti tẹ́ pẹlẹbẹ, mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì, ó ṣẹ́. Ike oríkèé náà fúnra rẹ̀ fọ́ sí ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Ogún ọdún tí ooru fi ń sè é, kí ni a retí? Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́: mo máa ń ra irin tòkunbọ̀, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n mi ò ní ra ike tàbí rọ́bà tòkunbọ̀ láé. Ọjọ́ orí kan náà ni òun àti èyí tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ tiwa.

A fi tuntun sí i, mo tún fún un. Abẹ́rẹ́ dúró pẹ́, àmọ́ lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí ó ti wá sí 1.3. Ọmọkùnrin náà ní, "Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀, ìyẹn ò tó nǹkan." Mi ò fi sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti lẹ ike omi pọ̀ ní ìsàlẹ̀ ló ti la bí irun orí, omi kàn ń rin ín ni, kò tilẹ̀ kán. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ti irinṣẹ́ yìí ju ti ojú lásán lọ: ojú á ti sọ pé ó ti parí. A pààrọ̀ ike náà, a dá thermostat tuntun padà sí ipò rẹ̀, mo sì fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo lọ dáná, mo fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ, mo padà wá. 1.4.

Oṣù mẹ́ta nìyí. Mo ti lọ sí Abẹ́òkúta ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí mo débẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, Bàbá ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná tọ́ ìlà tó wà lára ike tuntun náà, wọ́n ní kí n wa àwọn yí àdúgbò ká.

Irinṣẹ́ náà ní àléébù o. Ìwé tó wà nínú rẹ̀ kéré, lẹ́tà rẹ̀ sì ti parẹ́, kò sí ibi tó ti kìlọ̀ pé kí èèyàn má fún un ju nọ́ńbà tó wà lára ìdérí ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ gbà á lẹ́nu mi: tí ìdérí bá ní 1.4, ẹ dúró ní 1.4, ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ lè fọ́ ohun tí kò ní àrùn. Àpótí rẹ̀ náà kò lágbára, ọ̀kan nínú ìkọ́ rẹ̀ ti já. Kò sì lè rí gbogbo ìjò: àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí irin bá gbóná tó wú ni wọ́n ń lanu, tí pọ́ǹpù ò ní fi hàn lórí ẹ́ńjìnnì tútù.

Tí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sílẹ̀ tí ìta sì gbẹ, ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń jókòó níwájú. Tó bá tutù, tí inú ọkọ̀ ń rùn dídùn dídùn, tí gíláàsì iwájú sì ń ní ìkùukùu tó yọ̀, rédíétọ̀ hítà ni. Tó bá jẹ́ èéfín funfun ló ń jáde lẹ́yìn láìdáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì sì ti dà bíi tíì onímílíìkì, ọ̀rọ̀ top gasket nìyẹn (ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀), irinṣẹ́ mìíràn ló ń jẹ́rìí sí i, èyí tó ní omi búlúù tí èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń sọ di yẹ́lò.

Kúláǹtì, omi tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ́ńjìnnì, ni mo ń lò báyìí, ìlàjì rẹ̀ àti ìlàjì distilled water. Omi pure water àti omi kànga tí a ti ń dà sí i láti ọjọ́ yìí ló ń mú kí irin inú rẹ̀ máa jẹ, torí pé èròjà tó ń dáàbò bo irin wà nínú kúláǹtì, kò sí nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kúláǹtì jìnnà sí àwọn ọmọdé àti ajá. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ má sì ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, bó ti wù kí ẹ kánjú tó. Ooru tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè bó ojú èèyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yọ ìdérí ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá tutù, kó ya fọ́tò ẹnu ike omi náà, kó gbé ìdérí dání lọ sọ́jà, kó sì rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ìdérí inú àpótí bá a mu kó tó san owó. Aládùúgbò mi kan yá tèmi fún ọkọ̀ tirẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú méjìdínlógún tó bá a mu. Ó lọ ra ẹyọ kan lọ́tọ̀.