Gravity corer: ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ẹ má gbé òun nìkan dání

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń béèrè pé ṣé gravity corer, ìyẹn páìpù tí wọ́n fi ń gún ẹrẹ̀ gbé wá sókè, ṣì tó nǹkan téèyàn ń gbé wọ ọkọ̀ tó bá fẹ́ lọ wo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ó tó jàre. Mo fún un ní 4 nínú 5, àmọ́ 1 tí mo yọ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kò ní wàhálà. Páìpù irin gígùn tí wọ́n di òjé lé lórí ni, páìpù ike tí ẹrẹ̀ á kó sí wà nínú ẹ̀, wínṣì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tú wáyà, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìwúwo ẹ̀ lá á tì í wọnú ẹrẹ̀, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ẹnu ẹ̀ á wá pa dé kí ẹrẹ̀ má bàa já bọ́ tó bá ń gòkè bọ̀. Kì í lo iná, kì í lo bátìrì. Nínú amọ̀ rírọ̀, mítà mélòó kan ló máa ń gbé wá lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn lè jẹ́ ìtàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún o!

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni tá a bá là á sí méjì ní làbù. Ẹ ó rí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀, ẹrẹ̀, ló bá di yanrìn lójijì, hóró ẹ̀ tóbi nísàlẹ̀ ó sì ń kúnná bó ṣe ń lọ sókè. Turbidite nìyẹn, ìpele tí ẹrẹ̀ àti yanrìn tó ya níbìkan tó sì bá omi sáré wálẹ̀ fi sílẹ̀. Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkun ní Grand Banks lẹ́gbẹ̀ẹ́ Newfoundland, tó wà ní Kánádà lónìí, lọ́dún 1929, ilẹ̀ mì, ẹrẹ̀ ya, ó ń já wáyà tẹligíráàfù abẹ́ omi lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi já 12, sùnámì tún pa èèyàn 28. Àmọ́ ẹ má rí yanrìn kẹ́ ẹ sáré pariwo ìmìtìtì ilẹ̀ o, odò tó kún àti ìjì náà lè ṣe é, àfi kẹ́ ẹ fi wé èyí tẹ́ ẹ gbé níbòmíì.

Wàyí o, àléébù ẹ̀. Bó ṣe ń já lu ìsàlẹ̀, omi tó ń tì síwájú máa ń fẹ́ ẹrẹ̀ òkè pátápátá dànù, èyí tó kù á sì fún pọ̀. Ẹrẹ̀ òkè yẹn ló tuntun jù! Tí òkè abẹ́ omi bá ya láìpẹ́, ibẹ̀ ni ẹ̀rí ẹ̀ wà, ẹ̀yin á wá kọ ọ́ pé ibẹ̀ tòrò, wọ́n á sì gbé páìpù gáàsì gba ibẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Multicorer, èyí tó ní ọ̀pọ̀ páìpù kéékèèké, ló mọ ìyẹn ṣe, ó máa ń rọra balẹ̀ débi pé omi orí ẹrẹ̀ gan-an á bá a wá, àmọ́ èyí tó ń gbé kì í tó mítà kan, torí náà méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbé. Ilẹ̀ yanrìn ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀, á tẹ̀ tàbí kó padà lófìfo, vibrocorer, èyí tó ń gbọ̀n wọlẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá. Piston corer, èyí tó ní písítìnì nínú, tí Kullenberg ará Sweden ṣe láwọn ọdún 1940 máa ń wọlẹ̀ ju gravity corer lọ, àmọ́ títò ẹ̀ le.

Ẹni tó bá máa rà á, kó béèrè bóyá irin ẹnu ẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ òkè àti ìsàlẹ̀ sára ike kó tó kúrò lórí dẹ́ẹ̀kì.